Kí ni ìfipágbàjọba àwọn ológun yí padà nínú ìlú tí kò tíì padà sí ipò rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn béèrè pé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Láti ìgbà tí àwọn ológun ti gba ìjọba ní Niamey, olú ìlú Niger, ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, tí wọ́n sì há Ààrẹ Mohamed Bazoum mọ́lé, ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Mali ti ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2020, Guinea tẹ̀ lé e ní ọdún 2021, ti Burkina Faso ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ọdún 2022 nìkan, Gabon náà sì dara pọ̀ mọ́ wọn kí oṣù Kẹjọ ọdún 2023 tó parí. Àwọn ọ̀dọ́ tú jáde sí ìgboro, wọ́n ń jó, wọ́n ń ju àsíá. Ohun tí ó kàn mí níbẹ̀ ni pé àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Ìbàdàn àti ní Èkó ń sọ pé ó wu àwọn kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbí, wọ́n ní bí ṣọ́jà bá dé, olè jíjà nínú ìjọba yóò dẹ́kun, ara yóò sì tu mẹ̀kúnnù.

Wọ́n ti dá ìjọba padà fún àwọn alágbádá kí wọ́n tó bí mi, nítorí náà, ohun tí mo mọ̀ nípa ìjọba ológun kò ju ohun tí mo kà lọ. Mo mọ orúkọ àwọn tí wọ́n jẹ olórí àti ọjọ́ tí oníkálukú wọn gorí àlééfà. Ohun tí n kò rí kà dáadáa ni ohun tí ìfipágbàjọba yí padà nínú ìlú tí kò sì tíì padà sí ipò rẹ̀ títí di òní, pàápàá jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Mo tún fẹ́ kí ẹ là mí lóye lórí èyí: ṣé kì í ṣe àwọn olóṣèlú gan-an ni wọ́n ń fọwọ́ ara wọn pe ṣọ́jà wọlé? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi òwe nìkan dá mi lóhùn. Ẹ sọ ọdún, kí ẹ sì sọ ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀.


Bàbá Agodi dáhùn pé:

Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ kejì ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí pé Ìbàdàn tí mo ń gbé yìí wà lára ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gbóná jù. Òótọ́ ni pé àwọn olóṣèlú ṣe àṣejù. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1962, àwọn aṣòfin Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ń fi àga lu ara wọn nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ìjọba àpapọ̀ sì kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ṣe alákòóso ẹkùn náà títí ọdún fi parí. Ní ọdún 1963, wọ́n rán Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba. Nígbà tí ìdìbò oṣù Kẹwàá ọdún 1965 dé, wọ́n yí èsì rẹ̀ ní gbangba, inú sì bí àwọn ará ìlú débi pé wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ilé, sí ọkọ̀ àti sí ara ènìyàn, wọ́n á sì ṣáná sí i. Wẹ́tì ẹ ni a ń pe ìgbà náà. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọ̀gá ṣọ́jà kan tí ọjọ́ orí wọn kò tíì tó nǹkan gbé ìbọn ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1966, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìbàdàn jó, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n wo ohun tí ó tẹ̀ lé ijó náà. Lóru ọjọ́ yẹn, wọ́n pa Abubakar Tafawa Balewa tí ó jẹ́ Olórí Ìjọba, wọ́n pa Ahmadu Bello, Sardauna Sókótó, wọ́n sì pa Olóyè S. L. Akíntọ́lá ní ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn níhìn-ín. Ní Kàdúná, wọ́n wọ ilé Bìrìgédíà Samuel Adémúlẹ́gún, ọmọ bíbí ìlú Òǹdó, wọ́n sì yìnbọn pa òun àti ìyàwó rẹ̀ pọ̀. Kò tíì pé oṣù méje lẹ́yìn náà tí Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, ẹni tí ó bọ́ sórí àga, wá ṣèpàdé pẹ̀lú àwọn ọba ní Ìbàdàn. Ilé ìjọba ní Agodi ni ó sùn, lọ́dọ̀ Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì tí ó jẹ́ gómìnà wa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 29 oṣù Keje, àwọn ṣọ́jà tí T. Y. Danjuma ṣáájú wọn ti yí ilé náà ká. Àwọn ọmọ ogun tí ó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ olórí wọn ni wọ́n wá mú un. Wọ́n mú àlejò, wọ́n mú olùgbàlejò, wọ́n gbé àwọn méjèèjì gba ọ̀nà Lálúpọn, wọ́n sì pa wọ́n sínú igbó níbẹ̀. Títí di òní, ìdí tí a fi ń bọlá fún Fájuyì ni pé kò fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o rí nínú rẹ̀ ni èyí. Nígbà tí ìbọn oṣù Kìíní ti lé àwọn tí a dìbò yàn lọ, kò sí ẹnikẹ́ni tí ó lè sọ fún ìbọn oṣù Keje pé kò ní ẹ̀tọ́. Ìwé òfin ti di ohun tí wọ́n so rọ̀, ilé ìgbìmọ̀ ti di títì. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn Ígbò ní Òkè Ọya, ogun abẹ́lé sì dé ní ọdún 1967. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí kò ju nǹkan bí 10,000 lọ ní ọdún 1966 ti wú di nǹkan bí 250,000 nígbà tí ogun parí ní ọdún 1970, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sì í padà sí bárékè wẹ́rẹ́.

Ní ti ilẹ̀ Yorùbá, ìtàn àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà ni kí o lọ wádìí. Ní ọdún 1968 sí 1969, owó kòkó kò tó nǹkan mọ́, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sì ń fi tipátipá gba owó orí lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Òkè mẹ́fà ni àwọn àgbẹ̀ láwọn lè san, èyí tí í ṣe ọgbọ̀n ṣílè. Láyé àwọn alágbádá, àgbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ bá dùn yóò lọ bá aṣòfin agbègbè rẹ̀, yóò sì ṣèlérí fún un pé ìbò ń bọ̀. Aṣòfin wo ni ó ń bẹ ní ọdún 1968? Àwọn ọba àti àwọn agbowó-orí nìkan ni wọ́n kù tí ojú àgbẹ̀ lè tó, lára wọn ni ìbínú náà sì bọ́ sí. Wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ nínú rògbòdìyàn yẹn ní ọdún 1969, wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, ọlọ́pàá àti ṣọ́jà sì pa àgbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ọ̀rọ̀ kò rọ̀ títí Olóyè Awólọ́wọ̀ fi lọ bá Táfà Adéoyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì dín owó orí náà kù. Ìgbà tí kò bá sí ibi tí mẹ̀kúnnù ti lè sọ pé rárá, àdá àti ìbọn ṣakabùlà ni yóò fi sọ ọ́.


Àǹtí Agbẹjọ́rò dáhùn pé:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ̀yin ti sọ ti àgbẹ̀, èmi yóò sọ ti ilé ẹjọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ìpalára tí a kò fojú rí pọ̀ sí jù lọ.

Àbúrò mi, wá ẹjọ́ Lákànmí kà. Ìgbìmọ̀ ìwádìí kan ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni ó pàṣẹ lórí dúkìá Ọ̀gbẹ́ni E. O. Lákànmí àti ẹnì kan pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Bí ẹjọ́ ṣe ń lọ lọ́wọ́ ni ìjọba àpapọ̀ gbé dìkíríì kan, ìyẹn òfin tí àwọn ológun fi àṣẹ ara wọn ṣe, jáde ní ọdún 1968 tí ó fi ọwọ́ sí gbígba irú àwọn dúkìá bẹ́ẹ̀, tí ó sì ní kí ilé ẹjọ́ má yẹ̀ ẹ́ wò. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1970, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ lábẹ́ Adájọ́ Àgbà Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá dájọ́ pé dìkíríì náà kò bá òfin mu, pé aṣòfin kò lè sọ ara rẹ̀ di adájọ́ lórí ẹnì kan pàtó. Àwọn ológun kò fi èsì falẹ̀. Wọ́n gbé Dìkíríì 28 ti ọdún 1970 jáde, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kìíní àti oṣù Keje ọdún 1966 jẹ́ ìyípadà tí ó pa ètò òfin àtijọ́ rẹ́, àti pé ìdájọ́ kankan tí ó bá tako dìkíríì jẹ́ asán láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n fi gba agbára lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí. Láti ìgbà náà, fún gbogbo ọdún tí àwọn ológun fi wà lórí àga, gbólóhùn pé ilé ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ béèrè ni ó ń parí ọ̀pọ̀ dìkíríì. Ní ọdún 1984, Dìkíríì 2 fi àyè gbà wọ́n láti ti ènìyàn mọ́lé láìgbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Dìkíríì 20 ti ọdún kan náà tilẹ̀ fi ikú jẹ àwọn ọkùnrin mẹ́ta níyà lórí òògùn olóró fún ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ti wáyé kí òfin náà tó jáde, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún 1985.

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé ayé àtijọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ó máa ń dé orí tábìlì mi hàn yín. Ìdílé kan yóò gbé báàgì wá, wọ́n á kó ìwé ilẹ̀ bàbá wọn jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: rìsíìtì tí mọ́gàjí fọwọ́ tẹ̀, ìwé sọ́fè tí ó ti ya ní igun, àwòrán igi kòkó àti ọsàn tí bàbá bàbá wọn gbìn. Ìjọba ti gba ilẹ̀ náà fún iṣẹ́ kan, wọ́n sì fún wọn ní owó tí kò tó kí wọ́n fi ra pálọ́ọ̀tì kan ní ibòmíràn. Wọ́n á bi mí pé, ṣé a lè gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́ lórí iye owó náà? Èmi yóò sì ṣí òfin ilẹ̀ fún wọn, èyí tí ó jáde gẹ́gẹ́ bí Dìkíríì 6 ní oṣù Kẹta ọdún 1978. Abala kìíní rẹ̀ fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà. Ohun tí wọ́n ń san owó gbà-má-bínú fún kò ju ilé àti irè orí ilẹ̀ lọ, pẹ̀lú owó ìṣákọ́lẹ̀ ọdún kan bí ẹni náà bá san án fún ìjọba, iye tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tó lọ́jà kò sí níbẹ̀. Abala 47 sì sọ pé ilé ẹjọ́ kankan kò ní agbára láti yẹ iye owó náà wò bóyá ó tó tàbí kò tó. Bí ẹ bá fẹ́ ta ilẹ̀ tàbí kí ẹ fi dúró ní báńkì, gómìnà ni yóò fọwọ́ sí i, àwọn tí wọ́n sì ti lépa ìwé C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí gómìnà ń fúnni lórí ilẹ̀, mọ iye ìgbà tí wọ́n lọ tí wọ́n bọ̀.

Ìjọba ológun ti lọ láti ọdún 1999, ṣùgbọ́n gbólóhùn rẹ̀ ṣì ń lé ìdílé náà jáde kúrò ní ilé ẹjọ́.


Ẹnjiníà Ìjẹ̀bú dáhùn pé:

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ Bàbá àti ti Àǹtí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi òtítọ́ gbá ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ kejì. Ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ni àwọn alágbádá dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà láti ìgbà òmìnira, ìyẹn Ẹkùn Àárín Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1963, wọ́n sì ṣe ìyẹn láti fi gé ara Ẹkùn wa kù ni. Gbogbo ìyókù, àwọn ológun ló ṣe é: 12 ní ọdún 1967, 19 ní 1976, 21 ní 1987, 30 ní 1991 àti 36 ní 1996. Àwọn Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ìbá máa lọ sí Ìbàdàn títí di òní bí kò bá jẹ́ pé wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ògùn, Òǹdó àti Ọ̀yọ́ ní oṣù Kejì ọdún 1976. Àwọn ni wọ́n dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1973, ètò tí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ Sókótó àti Kàlàbá. Àwọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọdún 1976. Afárá kẹta tí ó gba orí ọ̀sà já sí Erékùṣù Èkó, ìgbà tiwọn náà ni wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 1990.

Àti pé láti ọdún 1999, àwọn alágbádá ni wọ́n ń ṣòfin. Kí ló dé tí wọn kò yí òfin ilẹ̀ náà padà? Ẹni tí ó jogún ilé tí ó ń jò tí kò sì tún un ṣe, ṣé bàbá rẹ̀ tí ó ti kú ni a ó máa bú títí láé?


Olùkọ́ Adó dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, ìpínlẹ̀ tí mo ti ń gba owó oṣù mi, Èkìtì, ọmọ dìkíríì oṣù Kẹwàá ọdún 1996 ni, nítorí náà n kò lè sọ pé n kò jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi ọwọ́ kejì gbà nígbà tí wọ́n ń fi ọ̀kan fún wa.

Lábẹ́ ìwé òfin ọdún 1960 àti ti 1963, ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ohun àmúṣọrọ̀ inú ilẹ̀ bá mú wá ń padà sí ẹkùn tí wọ́n ti wà á. Ní ti àwa, irú ètò bẹ́ẹ̀, tí ó ti wà ṣáájú òmìnira, ni ó jẹ́ kí owó kòkó wa wà ní ìkáwọ́ wa: òun ni Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tirẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ọdún mọ́kànlélógún ṣáájú ti àwọn ológun tí ẹ dárúkọ, òun náà ni wọ́n fi kọ́ Ilé Kòkó ní Ìbàdàn, wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1959. Dìkíríì ọdún 1970 gé ìdá 50 náà sí 45, ti ọdún 1975 gé e sí 20, ìgbà tí ìjọba ológun fi máa kógbá wọlé, ìwé òfin tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa sọ pé kí ó má ṣe dín sí 13. Àwọn ìgbìmọ̀ tí ń ta kòkó fún ẹkùn náà bọ́ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1977. Nítorí náà, bí ìpínlẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń di ọmọ tí kò lè dá jẹun. Lóṣooṣù, kọmíṣọ́nà ètò ìnáwó ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò gbéra lọ sí Àbújá láti lọ pín owó. Bí ìpín bá pẹ́, owó oṣù wa á pẹ́. Gómìnà tí ó mọ̀ pé Àbújá ni owó ti ń wá kò ní ìdí láti bẹ̀rù ẹni tí ń san owó orí fún un.

Iye ìjọba ìbílẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ. Àwọn 774 tí àwọn ológun kà sílẹ̀ ni wọ́n to orúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé òfin ọdún 1999. Ìpínlẹ̀ Èkó gba 20. Kánò gba 44, Jigawa tí wọ́n yọ lára Kánò ní ọdún 1991 gba 27, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 71. Owó ń tẹ̀ lé iye yìí. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó gbìyànjú láti fi 37 kún tirẹ̀ ní ọdún 2003, ìjọba àpapọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ní oṣù Kejìlá ọdún 2004 pé Ààrẹ kò ní àṣẹ láti dá owó náà dúró, ṣùgbọ́n ó sọ pẹ̀lú pé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun náà kò lè múlẹ̀ títí àwọn aṣòfin àpapọ̀ yóò fi fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi wá léèrè ohun tí kò tíì padà sí ipò rẹ̀, ẹ kọ èyí sílẹ̀: ìpínlẹ̀ kan kò lè pinnu iye ìjọba ìbílẹ̀ tí yóò wà nínú ilé ara rẹ̀.


Akọ̀ròyìn Ìkẹjà dáhùn pé:

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, n ó sì fi kún un ní ṣókí. Ìfipágbàjọba yí ìwà wa padà. Ní ọdún 1975, Ọ̀gágun Murtala Mohammed lé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí iye wọn ju 10,000 lọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbọ́ ọ lórí rédíò ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un pé ó ń fọ ìlú mọ́. Ohun tí òṣìṣẹ́ tí ó kù kọ́ níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe ohun tí ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé, kí oníkálukú yára kó tirẹ̀ pamọ́ kí rédíò tó dárúkọ òun. Mo gbà gbọ́ pé ọjọ́ yẹn ni olè jíjà ní ọ́fíìsì ìjọba gba ìdí tuntun.

Ní ọdún 1984, Dìkíríì 4 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti kọ ohun tí ó bá tàbùkù òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì rán Túndé Thompson àti Nduka Irabor lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ìgbà Abacha ni ó wá le jù. Àwọn ìwé ìròyìn kan kò lè tẹ̀wé ní ọ́fíìsì wọn mọ́, inú ilé àdáni ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n á sì máa pààrọ̀ ibi tí wọ́n ń sùn. Ní ìkóríta Ìkẹjà, ẹni tí ń ta ìwé ìròyìn á tẹ́ àwọn ìwé eré ìdárayá sókè, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n á bẹ̀rẹ̀, á sọ orúkọ ìwé náà sí i létí, òun á sì fà á yọ láàárín àwọn yòókù, á ká a kí ó tó gbé e lé oníbàárà lọ́wọ́.

Ní ti ìdìbò Ààrẹ ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, gbogbo ayé ló mọ̀ pé Olóyè M. K. O. Abíọ́lá ń mókè, pé ó borí Bashir Tofa ní Kánò tí í ṣe ìlú Tofa fúnra rẹ̀. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà ni ìjọba Babangida wọ́gi lé e. Wọ́n pa Kúdírátù Abíọ́lá ní Èkó ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996, ọkọ rẹ̀ sì kú sí àhámọ́ ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1998. Àárín ìgbà yìí ni àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá tí ìbò wọn ti di asán bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹgbẹ́ OPC (Oodua People's Congress) tí Dókítà Frederick Fáṣeùn dá sílẹ̀ ní ọdún 1994. Ìbínú tí àpótí ìbò kò gbà mọ́ wá ibòmíràn gbà lọ, àwọn tí wọ́n wà ní Múṣin àti Kẹ́tu ní Èkó ní ọdún 1999 àti 2000 mọ ẹ̀jẹ̀ tí ó ta sílẹ̀ nígbà tí ìjà ẹ̀yà bẹ́.


Ọmọ Kétu dáhùn pé:

Mo kí yín láti òdìkejì ẹnubodè. Ní Togo, níbi tí àwọn Yorùbá oníṣòwò pọ̀ sí, ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 1963 ni àwọn ṣọ́jà pa Ààrẹ Sylvanus Olympio ní Lomé nítòsí ilé aṣojú Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ ogun tí Faransé dá sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tí Olympio kọ̀ láti gbà sínú ẹgbẹ́ ogun rẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Eyadéma, ọ̀kan nínú wọn, gba ìjọba ní ọdún 1967, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 2005, tí ọmọ rẹ̀ sì bọ́ sípò rẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa, Benin, tí a ń pè ní Dahomey nígbà náà, ṣọ́jà gba ìjọba lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ọdún 1963 sí 1972. Ẹ̀tanú láàárín àwọn olórí mẹ́ta tí ó wá láti Àríwá, Àbọ̀mẹ̀ àti Àjàṣẹ́ ni wọ́n ń fi ṣe àwáwí. Ní ọdún 1970, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà láti máa jẹ Ààrẹ ní ọdún méjì méjì. Maga, ará Àríwá, lo tirẹ̀ pé, ó sì fi ipò sílẹ̀ fún Ahomadégbé, ará Àbọ̀mẹ̀, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1972 láìsí ìjà. Ohun tí ó dùn mí nìyẹn, nítorí pé àdéhùn náà ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọ̀gá ṣọ́jà Mathieu Kérékou fi ìbọn dá a dúró ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá. Ó sọ wá di orílẹ̀-èdè Marx àti Lenin, ó gbógun ti àwọn ọba àti àwọn olórí ìsìn ìbílẹ̀, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1989, àwọn báńkì ti dojú dé, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ kò sì rí owó oṣù gbà.

Ìyàtọ̀ wa sí yín wà nínú bí a ṣe jáde. Ní oṣù Kejì ọdún 1990, àwọn aṣojú tí wọ́n súnmọ́ 500 pàdé ní Kútọnu lábẹ́ àlùfáà àgbà Isidore de Souza, wọ́n kéde pé ìpinnu àwọn ni abẹ gé, ìwé òfin tuntun sì lọ sí ọwọ́ ará ìlú láti dìbò lé e lórí ní oṣù Kejìlá. Kérékou fìdí rẹmi nínú ìdìbò ọdún 1991, ó lọ sílé, ó padà wá dìbò wọlé ní ọdún 1996. Ẹ̀yin gba ìwé òfin yín láti inú Dìkíríì 24 ti ọdún 1999.


Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn padà wá kọ ọ́ pé:

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ yín. Ìbéèrè Ẹnjiníà ṣì wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn tán: kí ni ó dá àwọn alágbádá dúró láti ọdún 1999?


Àǹtí Agbẹjọ́rò dáhùn pé:

Ẹ̀bi tiwọn wà níbẹ̀, n kò ní gbè wọ́n. Agbára tí àwọn ológun kó jọ sí ojú kan dùn mọ́ ẹni tí ó bá jókòó síbẹ̀, bí ó bá wọ kákì tàbí agbádá. Gómìnà wo ni yóò fẹ́ dá ilẹ̀ padà fún mọ́gàjí? Ṣùgbọ́n àwọn ológun tún fi àgádágodo sí i kí wọ́n tó lọ. Abala 315 nínú ìwé òfin ọdún 1999 dárúkọ òfin ilẹ̀ náà, ó sì ní kí wọ́n má ṣe yí i padà bí kò ṣe ní ọ̀nà kan náà tí wọ́n fi ń yí ìwé òfin fúnra rẹ̀ padà, ìyẹn ni pé ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ní ilé méjèèjì ní Àbújá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Òfin mìíràn tí àwọn aṣòfin ṣe fúnra wọn kì í ní ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ó ṣeé ṣe. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, àtúnṣe ìwé òfin gba àwọn ìpínlẹ̀ láàyè láti máa pèsè iná mànàmáná kí wọ́n sì máa pín in káàkiri ilẹ̀ wọn, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin àti ọgbà ẹ̀wọ̀n náà sì kúrò lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan ní àṣẹ lé lórí. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní Ìbàdàn bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí ó ń ṣojú wọn ní Agodi bóyá yóò dìbò láti yọ gbólóhùn abala 47 yẹn kúrò. Ó ní ọ́fíìsì, ó ní ọjọ́ tí ó ń gbàlejò, ìbò wọn ni ó sì fi dé ibẹ̀. Láàárín oṣù Kìíní ọdún 1966 sí oṣù Kẹsàn-án ọdún 1979, kò sí ẹni tí wọn ìbá lọ bi léèrè.